Àwọn Ọmọ Ogun Ara Nínú Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró: Ohun Tí Ẹ Ń Bi Wá Léraléra

Yàrá àyẹ̀wò ẹran ara ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn ẹbí aláìsàn tó ń ti Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti inú Ìlọrin gan-an wá máa ń bi mí lójú fèrèsé tí a ti ń gba èsì. Mo kọ wọ́n sílẹ̀ kí ẹni tí kò ráàyè wá náà lè rí wọn kà.

Àwọn wo ni ẹ ń pè ní ọmọ ogun ara?

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni wọ́n. Mùdùnmúdùn inú egungun ni ara ti ń pèsè wọn. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń bá rìn, ṣùgbọ́n ibi tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ nínú ara ni wọ́n ń yà sí. Tí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀ lóko, tí ojú rẹ̀ pọ́n tó sì wú, àwọn ni wọ́n ti dé yẹn.

Wọ́n máa ń wọ inú jẹjẹrẹ náà. Tí a bá gé kókó tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí a gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nìkan là ń rí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àpá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun yìí náà wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, a lè ka iye wọn lórí ìka ọwọ́. Nígbà mìíràn, wọ́n a ṣù bò ó bí èèrà tó rí ṣúgà.

Bàbá wa kò fa sìgá rí láyé wọn. Báwo ni wọ́n ṣe ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró?

Sìgá ló ń fa èyí tó pọ̀ jù lágbàáyé, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi èéfín ẹ́ńjìnnì díísù kún àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ní 2012, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ ìta tó dọ̀tí kún un ní 2013. Ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti kéde pé ó ṣeé ṣe kí èéfín igi ìdáná inú ilé náà máa fà á. Ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá wa tó ń mọ ìkòkò ní Dada, ní Òkèlele, tí wọ́n ń sun ún nínú iná gbangba, àti àwọn tó ń fi igi ro àmàlà láti ìdájí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn sìgá kan aláìsàn tí kò fà á.

Kì í ṣe àrùn tó ṣọ̀wọ́n. Ní 2022 nìkan, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 2.5 ni wọ́n rí i lára wọn káàkiri ayé, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 sì bá a lọ.

Ṣé oríṣi kan náà ni gbogbo àwọn ọmọ ogun yìí?

Rárá o. Ohun tó sì máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù nìyẹn.

Àkọ́kọ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ní àmì CD8 lára. Apààyàn ni wọ́n, ní ti jẹjẹrẹ. Wọn kì í ta ọfà láti òkèèrè. Wọ́n ní láti fara kan sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, kí wọ́n dì í mú gírígírí, kí wọ́n tó lè da oró sí i lára. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà tó ni ìjàkadì lorò yín, èyí kò ní ṣòro fún yín láti mọ̀: ẹni tí ọwọ́ rẹ kò tó, o ò lè dá a. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tó ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì T tó ní àmì CD4 ń pàṣẹ, ó sì ń ran àwọn yòókù lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì B ló ń ṣe ohun ìjà kéékèèké tí à ń pè ní antibody, tí ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Àwọn tí à ń pè ní NK ń pa láìdúró gba àṣẹ. Mákírófáàjì ń gbé ìdọ̀tí àti òkú sẹ́ẹ̀lì mì, àmọ́ ó lè dúró sí ọ̀dọ̀ wa tàbí kí ó yí sí ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Àwọn kan tún wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n já ẹ̀rí lára jẹjẹrẹ, kí wọ́n gbé e lọ han àwọn sẹ́ẹ̀lì T pé ojú ẹni tí wọn yóò máa wá rèé.

Tí wọ́n bá ti pọ̀ nínú kókó náà, ṣé aláìsàn á pẹ́ láyé?

Lápapọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá fún irú tí àwọn dókítà ń pè ní non-small cell, èyí tí nǹkan bí 85 nínú 100 aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 wo ẹran ara àwọn aláìsàn tó lé ní 1,500 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún. Àwọn tí sẹ́ẹ̀lì T àti B kún inú kókó wọn dáadáa pẹ́ láyé ju àwọn tó kù lọ. Àmọ́ irú kókó tó kún tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ rárá nínú gbogbo èyí tí wọ́n wò.

Ẹ má gbé gbólóhùn yẹn lọ sílé bẹ́ẹ̀ o. Ìpele tí àrùn náà dé ṣì lágbára ju iye ọmọ ogun lọ. Ẹni tí kókó rẹ̀ kéré, tí kò tíì tàn, tí wọ́n gé kúrò pátápátá, ó sàn fún un ju ẹni tí ọmọ ogun kún kókó rẹ̀ ṣùgbọ́n tí jẹjẹrẹ ti dé ọpọlọ àti egungun. Èyí gan-an ló ń dùn mí jù níbi iṣẹ́ yìí: a máa ń rí àwọn ọmọ ogun tó ń jà tọkàntọkàn nínú ẹran ara ẹni tó pẹ́ jù kó tó wá.

Ohun kan tún wà. Pé nǹkan méjì jọ ń rìn kò sọ pé ọ̀kan ló ń fa èkejì. Ó lè jẹ́ pé ara tó lágbára ló ń kó ọmọ ogun jọ, tó sì tún ń gbé ìtọ́jú dáadáa. Ó lè jẹ́ pé irú jẹjẹrẹ kan ló ń fi ara hàn fún wọn ju òmíràn lọ. Mo gbà pé àwọn ọmọ ogun náà ń ṣiṣẹ́ gidi, nítorí pé nígbà tí oògùn bá tú wọn sílẹ̀, kókó máa ń sún kì. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé kíkà wọn nìkan kọ́ ló fi èyí hàn.

Mo gbọ́ pé ibi tí wọ́n dúró sí ṣe pàtàkì. Kí nìdí?

Ẹ rántí ìjàkadì. Kókó kan wà tí àwọn ọmọ ogun yí ká lẹ́yìn, tí wọ́n pọ̀ bí omi, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan kò rí ọ̀nà wọlé. Àpá líle tí jẹjẹrẹ mọ yí ara rẹ̀ ká ló dá wọn dúró. Ẹni tó bá kàn kà wọ́n yóò ní wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá wo ibi tí wọ́n dúró sí yóò mọ̀ pé ìjà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ní 2005, àwọn olùwádìí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èyí hàn pẹ̀lú mákírófáàjì: àwọn tí tiwọn wà láàárín agbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ gan-an pẹ́ láyé, àwọn tí tiwọn wà lẹ́yìn agbo kò pẹ́. Sẹ́ẹ̀lì kan náà, ibi méjì, àbájáde méjì.

Ohun tó jọ mí lójú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tó jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 2008. Wọ́n wo ẹran ara aláìsàn 74 tí àrùn wọn ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì rí àgọ́ kéékèèké nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì B wà láàárín, sẹ́ẹ̀lì T yí i ká, àwọn tó ń gbé ẹ̀rí wá náà wà níbẹ̀. Ilé-kéwú ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará Ìlọrin. Kò dìgbà tí ẹnìkan bá kọ́lé kí ilé-kéwú tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ a kó wàláà wọn jọ sábẹ́ igi dóńgóyárò, Alfa a jókòó, ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ṣe ń dá ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tá fúnra rẹ̀. Àwọn tí irú àgọ́ yìí pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn pẹ́ láyé ju àwọn tí kò ní lọ, ọ̀pọ̀ ìwádìí tó tẹ̀ lé e sì ti jẹ́rìí sí i.

Tí wọ́n bá wà níbẹ̀, kí ló dé tí wọn kò pa á?

Sẹ́ẹ̀lì T ní bíréèkì. Láìsí bíréèkì yìí, wọn yóò máa ba ara àwa fúnra wa jẹ́. Ọ̀kan nínú bíréèkì náà ń jẹ́ PD-1, ilé ìwádìí Tasuku Honjo ní Japan ló kọ́kọ́ rí i ní 1992. Jẹjẹrẹ mọ̀ ọ́n lò. Ó máa ń gbé ohun kan tí à ń pè ní PD-L1 sára, bí ọmọ ogun bá sì ti dì í mú báyìí, yóò tẹ bíréèkì rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ ogun a rọ. Tí èyí bá ti ń ṣẹlẹ̀ fún oṣù púpọ̀, a máa rẹ̀ wọ́n débi pé wọ́n wà láàyè ṣùgbọ́n wọn kò lè jà mọ́.

Honjo àti James Allison ará Amẹ́ríkà, tó ṣiṣẹ́ lórí bíréèkì mìíràn tó ń jẹ́ CTLA-4, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn ọmọ ogun kan ń ran jẹjẹrẹ lọ́wọ́?

Òótọ́ ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa làjà. Shimon Sakaguchi, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell gba Nobel 2025 lórí iṣẹ́ tó mú kí a mọ̀ wọ́n. A nílò wọn, torí láìsí onílàjà, ilé yóò jóná. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ máa ń kó wọn jọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, wọ́n á sì máa sọ fún àwọn apààyàn pé ẹ rọra, ẹ fi sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti pọ̀ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kì í sábà dára fún aláìsàn.

Néútírófíìlì náà, tó ń pa kòkòrò bakitéríà fún wa lójoojúmọ́, kì í ṣe ọ̀rẹ́ níhìn-ín. Ní 2015, wọ́n wo jẹjẹrẹ oríṣi 39 láti ara nǹkan bí 18,000 ènìyàn. Néútírófíìlì wà lára ohun tó bá ikú kíákíá rìn jù.

Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò, wọ́n sì ní sẹ́ẹ̀lì funfun pọ̀. Ṣé ìyẹn kò tó?

Kò tó. Ẹni tó ń kọjá lójú títì kọ́ ni ẹni tó wà nínú ilé. Sẹ́ẹ̀lì funfun lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nítorí ibà, nítorí egbò, nítorí oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù pàápàá. Ohun tó wà nínú kókó, àfi kí a gé díẹ̀ níbẹ̀ kí a wò ó.

Dókítà gé ẹran lára bàbá wa, ó ní ká gbé e wá sí Ìlọrin. Báwo ni ká ṣe gbé e?

Inú mi dùn pé ẹ béèrè, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èsì ti ń bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹran tí a gé bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹrà, a ò ní mọ jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí ọmọ ogun, àwọn àmì tí à ń wá bíi CD8 àti PD-L1 yóò sì parẹ́.

Inú fọ́máàlínì, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ni kó wà, èyí tí wọ́n po sí 10 nínú 100, kí omi náà sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà. Mo ti gba ẹran tí wọ́n gbé wá nínú omi pọ́ńpù, nínú omi iyọ̀ tí wọ́n ń fà síni lára, nínú ìgò gbígbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan, obìnrin kan gbé ti ọkọ rẹ̀ wá nínú yìnyín, ó ti gan pa. Ó sunkún nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, torí pé wọn kò sọ fún un níbi tó ti gbà á. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀ pé, "Ṣé fọ́máàlínì nìyí?" Ẹ má gbé e sínú fìríìsà. Kí orúkọ wà lára ìgò, kì í ṣe lórí ìdérí. Kí ìwé tí dókítà kọ bá a rìn.

Ẹ má sì jẹ́ kó sùn sílé. Tó bá pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta nínú fọ́máàlínì, àwọn àyẹ̀wò kan lè má jẹ́ mọ́. Ẹ̀ka tó ń yẹ ẹran ara wò wà ní UITH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Osè. Nígbà tí èsì bá jáde, ẹ béèrè pé kí wọ́n tọ́jú búlọ́ọ̀kù yín, ìyẹn ẹran náà tí wọ́n ti sé mọ́nú ìda. Òun ni a ó tún gé láti fi wá PD-L1 bí dókítà bá fẹ́, láìtún gún bàbá lẹ́ẹ̀kejì.

Ikọ́ ife ni wọ́n sọ pé ó ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀. Báwo ló ṣe wá di jẹjẹrẹ?

Ó lè má jẹ́ ikọ́ ife rí. Àwọn méjèèjì ń mú ènìyàn wú ikọ́, wọ́n ń mú ènìyàn rù, wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ jáde nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wọ́n sì lè jọ ara wọn lórí ẹ́síréè. Ikọ́ ife wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí oníṣègùn lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ní gúúsù Kwara lo oògùn rẹ̀ oṣù mẹ́fà, wọ́n tún fún un ní oṣù mẹ́fà mìíràn, láìsí pé ẹnikẹ́ni rí kòkòrò náà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ rí. Ìgbà tí wọ́n tó wá gé ẹran wò, ó ti dé ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹni tó bá ti ń wú ikọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rọ GeneXpert lè fi èsì hàn láàárín wákàtí méjì, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ife nílé ìwòsàn ìjọba tó wà nínú ètò náà. Bí wọn kò bá rí kòkòrò, tí oògùn kò sì ṣe nǹkan kan lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ béèrè fún skáànù CT àti gígé ẹran wò. Kì í ṣe àfojúdi láti béèrè. Ẹ tún mọ̀ pé àrùn méjèèjì lè jọ wà lára ẹnìkan ṣoṣo, àpá ikọ́ ife àtijọ́ sì ń mú kí jẹjẹrẹ rọrùn láti hù.

Oògùn tó ń tú bíréèkì yẹn, ṣé ó ń wo gbogbo ènìyàn sàn?

Rárá. Pembrolizumab ni ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ń fà á síni lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́fà-mẹ́fà. Nínú ìwádìí tó sọ ọ́ di olókìkí, wọ́n mú aláìsàn 305 tí àrùn wọn ti tàn, tí PD-L1 sì wà lára ìdajì sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wọn ó kéré tán. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nǹkan bí 32 nínú 100 àwọn tó fi oògùn yìí bẹ̀rẹ̀ ṣì wà láàyè. Nínú àwọn tó fi chemo, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 16 ni. Ìlọ́po méjì ni, fún irú àrùn tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, ọdún márùn-ún kì í ṣe ohun tí à ń sọ. Síbẹ̀, ẹ wo iye tó kù nínú 100.

Níbi tí ọmọ ogun kò bá sí rárá, kò sí ẹni tí oògùn yóò tú bíréèkì rẹ̀. Àwọn tí ìyípadà nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ EGFR fa jẹjẹrẹ wọn kì í sábà jàǹfààní nínú rẹ̀, oògùn oníhóró wà fún tiwọn. Ọmọ ogun tí a tú sílẹ̀ tún lè kọlu ẹ̀dọ̀fóró gan-an, ìfun, tàbí ẹṣẹ́ inú ọ̀fun, ó sì lè jí ikọ́ ife tó ti sùn. Ẹ sọ gbogbo àìsàn àtijọ́ fún dókítà.

Ó wọ́n. Mo bẹ yín, ẹ béèrè iye gbogbo rẹ̀ títí dé òpin kí ẹ tó ta ilẹ̀. Ẹbí tó ta ilẹ̀ ra ìgò méjì, tí owó wá tán, ìrora méjì ni wọ́n ní.

Ṣé àgbo tó ń fún ara lókun lè mú kí ọmọ ogun pọ̀ nínú kókó náà?

Kò sí àgbo tí wọ́n ti fi hàn pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́ pọ̀, ẹ̀dọ̀ tó bá ti bàjẹ́ kò sì ní jẹ́ kí dókítà lè fúnni ní oògùn. Mi ò ní kí ẹ bú ẹni tó gbé e wá, ìfẹ́ ló gbé e wá. Ẹ sọ fún dókítà ohun tí aláìsàn ń mu.

Bákan náà, ẹ yé ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́míìsì láìsí ìdí. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ti rí i pé àwọn tó lo irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn bíréèkì kì í ṣe dáadáa tó àwọn tí kò lò ó. Àwọn bakitéríà inú ìfun wa ló jọ pé ó ń bá ọmọ ogun ara ṣiṣẹ́, oògùn náà sì ń pa wọ́n. Tí kòkòrò àrùn gidi bá wà, ẹ lò ó, kí dókítà sì mọ̀.

Èsì wa sọ pé ọmọ ogun pọ̀. Ọdún mélòó ló kù fún ìyá wa?

Kò sí ẹni tó lè ka ọdún jáde láti inú èsì yẹn. Ohun tí ìwádìí ń sọ jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ènìyàn lápapọ̀, kì í ṣe ti ìyá yín. Àwọn dókítà kò tíì fi kíka ọmọ ogun kún òfin tí wọ́n fi ń pín jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sí ìpele. Ẹ béèrè nípa ìpele, nípa PD-L1, nípa bí ìyá ṣe lè dìde, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n jẹun fúnra wọn. Àwọn yẹn ni dókítà yóò fi yan ìtọ́jú.

Ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti ṣe ìwádìí yìí. Ṣé ó bá tiwa mu?

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Òyìnbó àti àwọn ará Éṣíà ló pọ̀ jù nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyí, àwa ilẹ̀ Áfíríkà kéré níbẹ̀ gidigidi. Bí sẹ́ẹ̀lì T ṣe ń pa jẹjẹrẹ kò yàtọ̀ láti ara dúdú sí funfun. Ṣùgbọ́n ohun tí ara wa ti bá jà, ibà, ikọ́ ife, aràn, HIV, èéfín igi, lè mú kí ìṣirò yàtọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin tí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i kí a tọ́jú ẹran ara fún ìwádìí, pé kí ẹ bi wọ́n ní gbogbo ìbéèrè tó wà lọ́kàn yín, kí ẹ sì rò ó dáadáa kí ẹ tó sọ pé rárá.

Wọ́n gé ẹran lẹ́ẹ̀mejì. Èsì àkọ́kọ́ ní ọmọ ogun pọ̀, èkejì ní kò sí. Ta ló ṣìṣe?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí ẹni tó ṣìṣe. Kókó kan ṣoṣo lè ní adúgbò tí ọmọ ogun kún àti adúgbò tó dá páropáro. Àwọn olùwádìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n pè ní TRACERx gé kókó kọ̀ọ̀kan sí apá púpọ̀, wọ́n wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n kéde ní 2020 ni pé àwọn aláìsàn tí apá tó dá páropáro ju ẹyọ kan lọ nínú kókó wọn ni àrùn náà tètè padà sí lára lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí apá yòókù tilẹ̀ kún.

Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan kò fi lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ kó èsì méjèèjì lọ bá dókítà kan náà, kí ẹ má fi ọ̀kan pamọ́ nítorí pé èkejì ló dùn mọ́ yín nínú. Bí búlọ́ọ̀kù méjèèjì bá ṣì wà, ẹ ní kí ẹnìkan ṣoṣo wo wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ kan náà.